Èsì: "Aṣojú-ìlú" kọ́ ni sáńpù o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mo sì ti ní n ò ní dá sí i, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn wá kọ ọ́ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, pé "aṣojú-ìlú" ni ká máa pe sáńpù ní Yorùbá, ìyẹn àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n ń yàn bi léèrè ọ̀rọ̀ nínú ìwádìí, tí àwọn kan sì ti ń kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: orí Afrobarometer ni ìjà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń bi aráàlú léèrè lórí ìjọba àti ọrọ̀ ajé. Ní Nàìjíríà níbí, èèyàn bíi 1,600 ni wọ́n ń bi láìpẹ́ yìí, wọ́n á wá ní báyìí báyìí lọmọ Nàìjíríà ṣe rí i. Ìyá wa l'Ẹ́dẹ ní irọ́ ni, igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì wá kan ilẹ̀kùn àwọn rí. Ẹ̀gbọ́n ní kì í ṣe irọ́, aṣojú ìlú làwọn 1,600 yẹn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ èdè.

Ẹ jẹ́ ká wo "a" yẹn ná. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a" tó bá ti ní ohùn àárín, olùṣe ló ń bí: apẹja, akọrin, adájọ́, aṣojú. Ẹni tí kì í pẹja kì í ṣe apẹja, ẹni tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́ aṣojú. Tí ẹ bá wá ti sọ àwọn 1,600 di aṣojú láti àárọ̀ kùtù, kí la tún ń jà lé lórí? Ohun tí Ìyá Ẹdẹ ń bèèrè gan-an ni pé ṣé wọ́n ṣojú wa àbí wọn ò ṣojú wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ dá sílẹ̀ sì ti dájọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó dé kóòtù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yàn wọ́n ní àyànkuyàn ńkọ́, aṣojú tí kò ṣojú la máa pè wọ́n? Irú ìyẹn ti pọ̀ tó l'Ábùjá. Àti pé ta ló rán wọn? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, aṣojú sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó rán an.

Àwọn tó ní ká kúkú lo "àpẹẹrẹ", n ò bá yín lọ. Àpẹẹrẹ, olùkọ́ ló ń ṣà á, ó ń wá èyí tó máa tètè yé ọmọ. Nínú ìwádìí, o bá ti ṣà á, o ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Àbùwò ni mo fara mọ́. Ohun tí a bù láti fi wo odindi. Ìbùwò ni iṣẹ́ náà, abùwò lẹni tó ń ṣe é, ẹ sì rí i pé àfòmọ́ lásán ló pín wọn níyà, èdè ò ní ká náwó sí i. Àbúrò wa tó wà ní Kánádà ní "bù" ò ju ti ọbẹ̀ àti omi lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọn kì í bù nínú owó ni? Wọn kì í bù lára ilẹ̀ bàbá wọn tà ni? Àti "odindi" yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni, torí "ọ̀pọ̀-ènìyàn" tí ẹ̀yin náà mú wá fún gbogbo ohun tí a ti ń bù ú ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí ohun tí a ń wádìí kì í bá ṣe èèyàn.

Kòkó ńkọ́? Àwọn àgbà wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó wá jókòó sí yunifásítì. Láti ọdún 1907 tí rélùwéè ti dé Òṣogbo ni sítọ́ọ̀ kòkó ti ń pọ̀ sí i ní Station Road, àbúrò bàbá mi sì ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀dù ìjọba ṣì ń ra kòkó, kí ìjọba tó fagi lé e lọ́dún 1986. Irin kan wà, ó ṣóńṣó lẹ́nu, ó ní kòtò nínú, ìyẹn ni ẹni tó ń ṣe gíréèdì máa gún bọ inú àpò, á gún òkè, á gún àárín, á gún ìdí, á da gbogbo ẹ̀ pọ̀, á ka hóró 300, á wá fi ọ̀bẹ là wọ́n lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bu lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ lọ́tọ̀, èyí tí inú ẹ̀ rí bíi síléètì torí wọn ò sé e dáadáa lọ́tọ̀. Èyí tó bu bá ti ju 9 lọ nínú 300 yẹn, kì í ṣe gíréèdì kìíní mọ́, ẹjọ́ ti tán. Ẹ sì wò ó o, àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, hóró kan tó gbẹ ò ju bíi gírámù kan lọ, ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù kan sún mọ́ mílíọ̀nù hóró. 300 nínú ẹ̀ ló ń dájọ́. Mi ò gbọ́ kí àgbẹ̀ kan sọ pé kí wọ́n la gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá là á tán kí ló kù tí wọ́n fẹ́ tà?

Àmọ́ àwọn tó ń tà á náà ò gọ̀. Èyí tó dáa jù ni wọ́n máa ń kó sẹ́nu àpò. Ìdí nìyẹn tí irin yẹn fi gbọ́dọ̀ dé ìdí. Sáńpù ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, mi ò gbọ́ "aṣojú-kòkó" lẹ́nu wọn rí.

Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe kéré, ibi tí wọ́n ti bù ú ni. Bí ẹnì kan bá lọ dúró s'Ọ́jà Ọba ní Òṣogbo lọ́sàn-án gangan tó bi èèyàn 5,000 léèrè, ẹnu àpò ló wà, ó bi àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà, ẹni tó wà lóko, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ yunifásítì UNIOSUN tó wà ní kíláàsì, wọn ò sí níbẹ̀. Tó bá tún wá jẹ́ oṣù kẹjọ tí àjọ̀dún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, ìdajì àwọn tó máa bi lè má jẹ́ ará Òṣogbo rárá. Lọ́dún 1936 ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí èèyàn bíi mílíọ̀nù 10, èyí tó ju mílíọ̀nù 2 lọ sì padà wá, wọ́n ní Landon ló máa wọlé sípò ààrẹ, pé Roosevelt ò ní wọlé. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àtàwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti mú orúkọ, nígbà tí ìyà ń jẹ aráàlú! Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. George Gallup tó bi èèyàn bíi 50,000 ló sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá wa l'Ẹ́dẹ, ẹ má bínú mà, "wọn ò bi mí rí" kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dún 2023 ju mílíọ̀nù 93 lọ. Tí wọ́n bá ṣẹ́ gègé yan 1,600 nínú wọn, ẹnì kan ni gègé máa mú nínú nǹkan bíi 58,000. (Ẹ má tún dá ìjà gègé àti kèké sílẹ̀ o, a ti jà á tán lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó borí.) Igi kan kì í dá igbó ṣe lóòótọ́, àmọ́ òwe ò sọ̀rọ̀ 1,600 igi tí wọ́n mú káàkiri igbó. Bí gègé bá ṣe é dáadáa, èsì 1,000 èèyàn kì í sábà yẹ̀ kúrò níbi tí òótọ́ wà ju bíi 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, sókè tàbí sísàlẹ̀, yálà ìlú náà tó Òṣogbo ni o tàbí ó tó odindi Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kó dín sí ìdajì, ẹ ní láti bi ìlọ́po mẹ́rin, ibẹ̀ lowó ti ń tán.

Ibi tí mo ti bá Ìyá Ẹdẹ lọ nìyí. Tẹ́ ẹ bá pín 1,600 yẹn bí ìkànìyàn 2006 ṣe pín wa, Ọ̀ṣun mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ nínú mílíọ̀nù 140, èèyàn bíi 39 ló máa kàn wá, ìjọba ìbílẹ̀ sì jẹ́ 30. Ẹni tó bá wá lọ sórí rédíò tó ní "àwọn ará Ọ̀ṣun sọ pé" nítorí èèyàn 39, ó lè fi bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, kó tiẹ̀ kúkú lọ da obì. Gbogbo wa la sì rántí ìbò gómìnà Ọ̀ṣun lọ́dún 2018. Ìbò 353 ni Adélékè fi ṣíwájú Oyètọ́lá kí INEC tó ní kò tíì parí, nígbà tí wọ́n tún un dì ní àwọn ibì kan, Oyètọ́lá fi 482 wọlé. Ìbò tí wọ́n kà ju 700,000 lọ. Àbùwò wo lẹ fẹ́ fi rí 353 nínú ìyẹn? Kò sí. Ẹni tó bá ní òun rí i ṣáájú, àwọn babaláwo ni kó lọ dara pọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tún sọ pé àwọn ti kọ́ Yorùbá fún ọdún 30, kí àwa tí a ò kàwé tó wọn máa gbọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọdún 30 yẹn sà, àmọ́ Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì, àwọn àgbà onímọ̀ gírámà Yorùbá, ò gbà fún ara wọn lórí ohùn òkè tó ń tẹ̀lé olùwà, ta wá ni èmi àti ẹ̀yin?

Èyí tó tún kù ni "ààlà àṣìṣe" (margin of error) tí ẹ fi síbẹ̀ fún 3 sókè 3 sísàlẹ̀ yẹn. Ta ló ṣi nǹkan ṣe? Wọ́n ṣẹ́ gègé, gègé sì bọ́ síbi tó bọ́ sí, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ìyá Ẹdẹ ní ká sọ ọ́ ní "àyè ìyẹ̀", ó dùn létí mi, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì, ìyẹ́ adìyẹ lẹlòmíì máa kà. Ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá, kó ṣáà ti má fi àṣìṣe bẹ̀rẹ̀.