Re: "àpẹẹrẹ" kọ́ o, "ẹ̀dà" náà ò tíì tó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ software béèrè pé téèyàn bá ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan náà ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí la fẹ́ máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí táwọn olóyìnbó ń pè ní instance.

Ẹnì kan ní "àpẹẹrẹ". Háà! Àpẹẹrẹ kí ni? Inú dikiṣọ́nárì lẹ ti fa ìyẹn yọ, ẹ ò wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe rárá.

"Ẹ̀dà" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn téèyàn ń ṣe ní ìsọ̀ fótókọ́pì, ìwé kan á di méjì. Tẹ́ ẹ bá ṣí Notepad lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí Windows 7, kò sí notepad.exe, ìyẹn fáìlì ètò náà, tuntun kankan tó wọ díìsìkì o, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, inú mẹ́mọ́rì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́, kálukú ní PID tiẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, kálukú sì ní ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú ẹ̀. Kóòdù gan-an, wọ́n sábà máa ń pín in lò ni. Bíi kí babaláwo mẹ́ta máa kì ẹsẹ Ifá kan náà fún ẹni mẹ́ta: ẹsẹ ò yí padà, ọ̀ràn tó gbé kálukú wá ló yàtọ̀.

Àwọn tó ní "àṣísílẹ̀" gbìyànjú, torí "ṣí" náà là ń sọ lẹ́nu. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fèrèsé lẹ ń kà. Ẹ tẹ Firefox, ètò tá a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fèrèsé mẹ́ta á yọ lóòótọ́, àmọ́ Firefox kan náà ló ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ méjì tó dá dúró, àfi kẹ́ ẹ fún ìkejì ní profile tiẹ̀, ìyẹn fódà tó ń kó gbogbo ohun tó jẹ́ tiẹ̀ sí, firefox -P --no-remote lẹ máa tẹ̀, torí Firefox máa ń ti profile tó bá ń lò pa, kí òmíràn má baà wọ ibẹ̀. Chrome wá dà á rú pátápátá. Látìgbà tó ti jáde ní 2008 ló ti ń pín iṣẹ́ ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ṣí fèrèsé kan péré kẹ́ ẹ lọ wo Task Manager, ibi tí Windows ti ń to gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, chrome.exe rẹpẹtẹ lẹ máa bá níbẹ̀, kí táàbù kan tó bá kú má baà pa àwọn tó kù ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Èwo wá ni àṣísílẹ̀ níbẹ̀? Ká má tiẹ̀ sọ ti sáfà (server), ètò tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà míì lóhùn, tí ò ní fèrèsé kankan.

Èmi fara mọ́ "àgbédìde". Ètò dùbúlẹ̀ sínú díìsìkì, ẹ gbé e dìde, ó gba nọ́ńbà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sì lè tún gbé òmíràn dìde nínú èyí kan náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ó dún bí ọ̀rọ̀ ọdún Àjíǹde, kò burú, ẹ rẹ́rìn-ín tán kẹ́ ẹ wá dán an wò nínú gbólóhùn tí Firefox máa ń gbé wá tí profile bá ti lẹ́ni nínú: "Àgbédìde Firefox kan ṣì ń lo profile yìí, ẹ kọ́kọ́ pa á." "Pa" yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀, a ti ń pa iná, a ti ń pa kọ̀ǹpútà, kill tí wọ́n ń tẹ̀ lórí Linux náà sì nìyẹn.

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ó yá, àmọ́ kó fi sínú gbólóhùn yẹn ká rí i.