Ta ni onílé nínú "kónílé-ó-gbélé"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti àná. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: wọ́n gbé ìwé kan fún Ẹ̀gbọ́n wa láti túmọ̀, ìwé tí ìjọba ìlú kan ní Amẹ́ríkà fi sọ fún àwọn Yorùbá tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ná owó pàjáwìrì àsìkò Kòrónà lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní "homeless". Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ àkọlé rẹ̀ báyìí: "Pínpín Owó Ẹ̀bùn Pàjáwìrì fún Iṣẹ́ Ìsìn Àwọn Aláìnílé". Àwọn kan ti kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, èmi ò lè bá wọn kan án.

Ká tètè yanjú "iṣẹ́ ìsìn" ná. Ẹni tó bá ka ìyẹn ní Èbúté-Mẹ́tta máa béèrè aago mélòó ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀, àti pé ta ló fẹ́ wàásù. Ìtọ́jú ni wọ́n ń sọ. Ó parí.

"Pínpín" ló le díẹ̀. Lóòótọ́, pín la fi ń sọ ọ́ nínú ìwé. Àmọ́ ẹ dúró sí Ojúẹlẹ́gba kí ẹnì kan sọ fún yín pé "wọ́n ti pín owó yẹn". Ṣé ẹ ṣì máa béèrè ibi tí owó wà? Ní Èkó, owó tí wọ́n bá ti pín ti wọ àpò nìyẹn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló pàdánù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìjọba ya owó sọ́tọ̀. Owó tí a yà sọ́tọ̀ ṣì wà níbì kan, ó ní ẹni tí a yà á sọ́tọ̀ fún, a sì lè bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ léèrè.

"Ẹ̀bùn" náà kò bá a mu. Èèyàn kì í bi ẹni tó fún lẹ́bùn bó ṣe ná an. Owó tí ìwé yìí ń sọ, Emergency Solutions Grants, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún àwọn ìlú, ìṣirò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Tí kì í bá ṣe ti àsìkò Kòrónà, ìlú tó bá gba dọ́là kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá dọ́là kan mìíràn tì í, kò sì gbọ́dọ̀ ná ju ìdá 60 nínú 100 lọ lórí ibùwọ̀ àti wíwá àwọn èèyàn kiri ojú títì. Òfin CARES, òfin ìrànwọ́ àsìkò Kòrónà ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020, ló fi bílíọ̀nù 4 dọ́là kún un, tó sì gbé ẹrù méjèèjì yẹn kúrò lórí owó tuntun náà. Ẹni tó ní ká pè é ní "ẹ̀yáwó" ńkọ́? Rárá o. Ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sá fún un kí wọ́n má baà san án padà? Owó ìrànwọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa, kò sídìí láti máa wá òmíràn.

Ó wá ku "aláìnílé", èyí tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ní Èkó, ẹni tó nílé ni lánlọ́ọ̀dù. Gbogbo àwa yòókù, aláìnílé ni wá. Èmi tí mò ń kọ èyí, yàrá méjì ni mo háyà ní Yábàá. Lánàá mo dán ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dọ̀ ìyá alákàrà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Mo ní, "Mọ̀mí, ìjọba kan fẹ́ fún àwọn aláìnílé lówó." Ó na ṣíbí tó fi ń yí àkàrà sí mi, òróró ń kán sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ tèmi síbẹ̀ o! Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń sanwó ilé." Kò ṣàwàdà. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bó sì ṣe yẹ kó gbọ́ ọ nìyẹn.

Èkejì, ilé kì í ṣe ògiri àti páànù nìkan lédè wa. "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" là ń bi èèyàn. Ẹni tí a bá wá ní kò nílé, kò lọ́nà, a ti bú u nìyẹn, a ti sọ pé kò sẹ́ni tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, aago mọ́kànlá alẹ́ ni òfin Kòrónà máa bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, mo wà ní Ọbáléńdé, mò ń wá mọ́tò tó máa gbé mi ré kọjá Afárá Kẹta. Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí: "Kónílé ó gbélé o! Kónílé ó gbélé!" Ọkùnrin kan wà lábẹ́ afárá, ó ń tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Onílé ni wọ́n ń bá wí. Tiwa ńkọ́?"

Mo bi í pé ṣé kò nílé ni. Ojú rẹ̀ le. "Mo nílé o! Ilé bàbá mi wà n'Ísẹ́yìn, yàrá mi wà níbẹ̀. Ilé tí màá gbé l'Ékòó ni mi ò rí."

Ẹ̀yin ará, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọkùnrin yìí ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán. Ó nílé, kò rílé gbé. Ní àti rí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "àìríṣẹ́ṣe": ẹni náà wá iṣẹ́, kò rí i. Tí a bá ní "aláìníṣẹ́", ó fẹ́ jọ pé ọ̀lẹ la ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni "aláìrílégbé" ṣe rí. Ẹ sì wo bó ṣe tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ti ní tẹ́lẹ̀: ayálégbé yá ilé gbé, aláìrílégbé kò rí ilé gbé. Ìyá alákàrà á gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ayálégbé lòun. Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo kàn ń sọ pé òun ló tọ́.

Àbúrò wa ní Sùúrùlérè mú "asùnta" wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó kúrú, ó ṣe kedere, ṣùgbọ́n ó kéré sí ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń pè ní "homeless". Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń sùn nínú mọ́tò wà níbẹ̀, ẹni tó sá kúrò nílé nítorí pé ọkọ ń lù ú wà níbẹ̀, ẹni tí ilé máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì ní ibòmíràn, náà wà níbẹ̀. Tí Ẹ̀gbọ́n bá kọ "asùnta", obìnrin tí wọ́n ti fún ní kúìtì máa kà á, á ní tòun kọ́, torí inú ilé ló ṣì ń sùn. Mo gbà pé "aláìrílégbé" náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí Ẹ̀gbọ́n fi "àti àwọn tí ilé fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́" kún un nínú ìwé náà gan-an, kódà tí kò bá gba ojú àkọlé. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yí orúkọ owó náà padà nìyẹn: títí di 2009, Emergency Shelter Grants ló ń jẹ́, ti ibùwọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

(Ká fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ díẹ̀: ní tiwa, àrùn ló kọ́kọ́ ń léni kúrò nílé. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1924, òun ló fà á tí ìjọba amúnisìn fi dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, LEDB (Lagos Executive Development Board), sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n ń wó ilé, tí wọ́n ń la àdúgbò tuntun. Yábàá tí mo wà yìí wà lára ohun tí wọ́n là. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn àgbà ibí kì í fẹ́ gbọ́ "ìlera" àti "ilé" lẹ́nu ìjọba nínú gbólóhùn kan náà.)

Àkọlé tèmi rèé: "Owó Ìrànwọ́ Pàjáwìrì tí Ìjọba Ìlú Yà Sọ́tọ̀ fún Ìtọ́jú Àwọn Aláìrílégbé Lásìkò Àjàkálẹ̀-Àrùn". Ó gùn, mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnì kan ní ká pe ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìrílégbé sí ní "àgọ́". Ẹ jọ̀ọ́, àgọ́ tí ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá mọ̀ ni àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí àgọ́, kẹ́ ẹ sì wo bó ṣe máa sáré tó. "Ibùwọ̀" ni mo fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí hòtẹ́ẹ̀lì náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún: ní California, oṣù Kẹrin 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì fún wọn nígbà Kòrónà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó tètè mú un wá. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń retí ìwé náà.