Ìwé ìbẹ̀wò Bàbá Àlùfáà wà lọ́wọ́ mi: ṣé ká kà á níbi ìsìn ìrántí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí àlùfáà wa wọ káà ilẹ̀ sùn. Ọdún 16 ni wọ́n fi wà pẹ̀lú wa ní Òkè-Àdó. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn ayé wọn tí a ó kà níbi ìsìn ìrántí. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ fún mi: ọdún tí a kọ́ ilé ìjọ tuntun, ọdún tí a ra jẹnẹrétọ̀, iye ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún. Mo kọ ọ́ tán, mo kà á sí ìyá mi létí. Ìyá mi ní, "Ta lẹ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àlùfáà lọ. Màmá wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé jáde, wọ́n fi ìró ànkárá wé e. Ìwé ọmọ iléèwé mẹ́rin ni, Bàbá fi òwú rán wọn pọ̀. Gbogbo ìbẹ̀wò wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn UCH àti nọ́ńbà wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tí ọkọ lé jáde lóru. Ẹni tí wọ́n yá lówó àti iye rẹ̀. Níwájú àwọn kan wọ́n kọ ọ́ pé, "má béèrè mọ́". Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ìyá mi ò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà ò sì ní sọ ọ́ síbí.

Ẹnu mi ò gbé e, mo sọ fún ìgbìmọ̀. Alága ní ká ka díẹ̀ sókè, ká sì ya ojú ìwé mélòó kan sínú ìwé ètò ìsìn, kí ìjọ lè mọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé yìí ṣì ń jókòó ti ara wọn láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá sì ti ń pè mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà: Ọmọ mi, orúkọ tèmi á wà níbẹ̀. Ọdún tí òwò mi wọlẹ̀, Bàbá ń wá ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé àmàlà nìkan lẹ ń jẹ ni?" Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo bá èlùbọ́ náà nílé opó mẹ́ta. Mo mọ ọ̀rá mi! Ẹ ka tèmi sókè. Ẹ má fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn.

Káfíńtà Mọ́lété: Ẹ sun ún jàre. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fẹ́ ká gbọ́, wọn ì bá ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà: Sun kí ni? Káfíńtà, àbí gbèsè rẹ wà níbẹ̀ ni?

Káfíńtà Mọ́lété: Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ń san án bọ̀.

Akọ̀wé-Fẹ̀yìntì: Ẹ má dáná sun ún o. David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì tó dé Ìbàdàn ní 1853 tí wọ́n sì gbé ní Kúdẹtì, báwo la ṣe mọ̀ pé nígbà ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà dí, wọ́n ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Daniel Olúbí, tó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn tó sì di àlùfáà, òun náà kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó rán àwọn Hinderer wá. Ẹ dé National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ó bá ìwé CMS níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú tipẹ́ kí àwa tó máa kà á. Ẹ di ìwé Bàbá pa, kí Ìyá Àlùfáà dá ọdún tí wọ́n lè tú u.

Ọmọ Pásítọ̀, Agbowó: Bàbá tèmi náà ní irú ìwé yìí. Ẹ má bínú sí mi: Ìyá Àlùfáà fún yín ní ìwé, ǹjẹ́ wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́? Ẹ sì bá mi fi ìyá sínú ìtàn ayé yẹn. Gbogbo òru tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe ìbẹ̀wò, ẹnì kan ló ń bo oúnjẹ mọ́ abọ́ dè wọ́n. Màmá mi á gbé e kaná lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó fún wa jẹ láàárọ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo padà lọ lánàá. Màmá ní torí kí n lè mọ ẹni tí mo máa lọ bi léèrè làwọn ṣe gbé e fún mi. Ojú tì mí. Mo ti dá a padà pẹ̀lú ìró rẹ̀. Alága ń bínú, wọ́n á yọ́. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò akọrin, màá gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ tirẹ̀, kó wọlé kó sọ ọ́. Ẹni tí ò bá fẹ́ dárúkọ, kó má dárúkọ. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ̀yin lẹ ó ṣíwájú. Ìyá mi ní àwọn náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Káfíńtà Mọ́lété: Aago mélòó?