Èdídí mẹ́ta ni mo ti rà, omi ṣì ń wọ inú ọkọ̀

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ fáíbà kékeré ni tèmi, kò ju mítà 5 lọ, ẹ́ńjìnnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Àlòkù ni. Tí a bá fi máa lo wákàtí mẹ́ta lórí omi, omi á ti mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Pọ́ǹpù ń sáré bí ẹṣin, omi ò dín kù.

Mo gbà pé èdídí inú ihò ìdí ọkọ̀ ló ti gbó, èyí tí a máa ń yọ tí a bá fẹ́ da omi nù. Mo ra tuntun, ó ń jò. Mo ra èyí tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ, mo fi tipátipá kì í wọlé, ó ń jò. Mo ra ẹ̀kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi sílíkọ́ònù tí wọ́n fi ń dí etí balùwẹ̀ yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ìrìn kan péré ló gbà mí. Ìyàwó mi ti ní òun ò bá mi lọ mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó rẹ gbọ́n 😀. Àbúrò, kó o tó tún náwó, fi ìka kan omi inú ọkọ̀ yẹn, tọ́ ọ wò, kó o tutọ́ ọ dànù. Tó bá níyọ̀, ara ọkọ̀ ló ti wọlé. Tí kò bá níyọ̀, òjò ni, tàbí àgbá omi mímu yín ló ń jò.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ ṣé, Àǹtí. Odò la ti ń lò ó, kì í ṣe òkun. Kò síbi tí iyọ̀ máa gbà wá o.

Ìyá Ìbejì:
Háà. Ó dáa, mo panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ gba iṣẹ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Mo ti ń kà á látàárọ̀. Àbúrò mi, má bínú sí mi: o ti ra èdídí mẹ́ta, o ò tíì wá ibi tí omi ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ètè lo fi sílẹ̀ tó ò ń pa làpálàpá.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Gbé ọkọ̀ jáde sórí kẹ̀kẹ́ tó o fi ń fà á, fi nǹkan há táyà rẹ̀ kó má baà yí. Nu inú ọkọ̀ gbẹ, nu ìdí rẹ̀ gbẹ níta. Fi èdídí rẹ sí i bó o ṣe máa ń fi sí i. Wá rọ omi díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ títí á fi ga ju ihò náà lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Má rọ ọ́ kún o. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tó o bá rọ lítà 200 sí i, kílò 200 lo gbé lé ibi tí wọn ò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fọ́n páúdà ọmọdé sí ìdí ọkọ̀ níta, yí ihò náà ká àti gbogbo ibi tí sukúrù bá wà. Gbé àga, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, má wọ abẹ́ rẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Omi tó bá yọ, bó ti wù kó kéré mọ, á fa ìlà dúdú sára páúdà yẹn. Fún un ní wákàtí kan kó o tó sọ pé kò sí nǹkan.

Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà níbi tí wàá ti rí ìlà àkọ́kọ́. Ihò yẹn ní ọrùn: idẹ ni, tàbí pílásítíìkì líle, sukúrù méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi kàn án mọ́ ara ọkọ̀. Inú ọrùn ni èdídí ń dí. Ẹ̀yìn ọrùn, gọ́ọ̀mù ló ń dí i. Tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ibẹ̀ bá ti kú, bó o ra èdídí wúrà, omi á máa gbẹ̀yìn wọlé. Èyí tó sì burú níbẹ̀ ni pé pákó ló wà láàárín fáíbà nídìí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí. Sukúrù tó ń jò ń fún pákó náà lómi mu lójoojúmọ́, o ò sì ní mọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Fi ẹ̀yìn sukudiráfà kan ìdí ọkọ̀ náà káàkiri. Tó bá ń dún kó-kó-kó, ara rẹ̀ le. Níbi tó bá ti dún bù, pè mí kó o tó ṣe ohunkóhun.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe é lónìí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ìlà kan jáde lábẹ́ sukúrù òsì, ó ń kán tó… tó… Mo kà á: ẹ̀kán mẹ́jọ níṣẹ́jú kan. Ara pákó ń dún kó-kó. Ṣé kí n kàn fi gọ́ọ̀mù bo sukúrù náà níta?

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Rárá o. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ọrùn ló ti kú, èyí tó o bá fi bo sukúrù níta kò lè dé ibẹ̀. Tú ọrùn náà kúrò pátápátá.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Kó o tó tú u, jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti sílíkọ́ònù balùwẹ̀ yẹn, torí ẹjọ́ tuntun lo dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́ òórùn bíi ti fínígà nígbà tó o fà á? Ásíìdì ni, irin àti idẹ kò fẹ́ ẹ. Èyí tó tún le jù ni pé kò sí gọ́ọ̀mù mìíràn tó máa lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkọ́ònù bá ti kan. Ojú rẹ á rò pé o ti ha á tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Fi abẹ pílásítíìkì ha á, fi sáńpépà ra á títí dídán rẹ̀ á fi kúrò, kó o wá fi asitóònù, irú omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nù ún. Aṣọ méjì ni kó o lò: ọ̀kan tó lọ́rinrin láti nù ún, ọ̀kan gbígbẹ láti tẹ̀ lé e kíákíá kí asitóònù tó fò lọ. Tó bá jẹ́ aṣọ kan náà lò ń lò, ńṣe lò ń kó ìdọ̀tí káàkiri. Ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, má mu sìgá.

Gọ́ọ̀mù tó yẹ ni polyurethane ti ọkọ̀ ojú omi. Lórí èyí, èmi ní èrò tèmi: àwọn èèyàn fẹ́ràn gọ́ọ̀mù 5200 ti ilé iṣẹ́ 3M torí wọ́n gbọ́ pé ó lágbára. Ó lágbára lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tú ọrùn yẹn, á bá ara fáíbà jáde ni. Ra 4200 tiwọn, òun náà ń dí omi lábẹ́ omi, ó sì ṣeé tú. Àwọn tó ń ta polysulfide, irú gọ́ọ̀mù mìíràn, á ní tiwọn dáa, kò burú, àmọ́ ó máa ń jẹ àwọn pílásítíìkì kan. Tí ọrùn rẹ bá jẹ́ pílásítíìkì, yàgò fún un.

Bó o ṣe máa tò ó: tí ihò sukúrù bá ti fẹ̀, fi epoxy, gọ́ọ̀mù oníke méjì tí a ń pò pọ̀, dí i, jẹ́ kó gan, lu ihò tuntun. Fẹ ẹnu ihò náà díẹ̀ kó rí bí àwo, kí gọ́ọ̀mù lè ríbi jókòó sí lábẹ́ orí sukúrù. Fa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn ọrùn yíká láìjá, fà á sínú ihò sukúrù pẹ̀lú. Máa dè é títí gọ́ọ̀mù á fi yọ yí etí rẹ̀ ká, kó o dúró níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n ń bá a jà, gbogbo gọ́ọ̀mù á tú síta, irin á wá jókòó lé fáíbà lásán. Fi í sílẹ̀ bó ṣe máa gan, ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, má sì gbé ọkọ̀ sómi kó tó pé.

Èdídí rẹ náà ńkọ́? Irú èyí tó ní ọwọ́ tí a ń tẹ̀ lulẹ̀ ni àbí?

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Òun ni, sà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Dá èyí tó tóbi jù padà. Kì í ṣe títóbi ló ń dí ihò, wíwú ni. Tó o bá tẹ ọwọ́ rẹ̀, rọ́bà náà á fún pọ̀, á wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbá ara ọrùn mú. Tí ọwọ́ náà bá rọrùn ún tẹ̀, yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ kó le. Ká rọ́bà náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: tó bá ti là wẹ́wẹ́, sọ ọ́ nù. Má fi gíríìsì ẹ́ńjìnnì pa á, epo ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Gíríìsì sílíkọ́ònù ni kó o lò. Tí ọkọ̀ bá wà nílé, yọ ọ́, má jẹ́ kó máa wà ní fífún pọ̀.

Bọ̀dá Ríbẹ́ẹ̀tì:
Ẹni tó bá ní ọkọ̀ alumíníọ́mù bíi tèmi, ẹ má fi ọrùn idẹ sí i. Tí idẹ àti alumíníọ́mù bá pàdé nínú omi, pàápàá omi iyọ̀, alumíníọ́mù ni idẹ ń jẹ. Mo rí ihò tó ti fẹ̀ bí ẹnu àwo. Tiwa yìí náà, ríbẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó so páànù rẹ̀ pọ̀, ló máa ń jò, páúdà yẹn á sì fi í hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ń sọ ti gọ́ọ̀mù, èmi gbàgbé èdídí pátápátá sínú mọ́tò rí. Kí n má purọ́, ńṣe ni mo ń ya fọ́tò. Ihò yẹn tó mìlímítà 25, tó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ omi, nǹkan bíi lítà 30 ló ń gbà wọlé níṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ 500 gálọ́ọ̀nù ní wákàtí sí lára, lórí ìwé ni òun náà fi ń lé lítà 30 jáde níṣẹ́jú kan. Nínú ọkọ̀, tó ń ti omi gòkè nínú họ́ọ̀sì, kò lè tó bẹ́ẹ̀. Mo ká aṣọ ìnura, mo fi àtàǹpàkò tì í bọ inú ihò, mo sì yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, okùn kan náà ni mo fi so èdídí àti kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì pọ̀. N ò lè tan ẹ́ńjìnnì láì rí i.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún dán an wò pẹ̀lú páúdà: gbẹ kanlẹ̀. Mo bẹ ìyàwó mi, ó gbà. A lọ lónìí. Omi tún wọlé! Ó dín kù o, àmọ́ ó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé láti sọ fún ọ pé ibi tí omi ìdánwò bá ga dé nìkan ló lè fi hàn. Ẹ̀kán mẹ́jọ níṣẹ́jú kan kò tiẹ̀ lè mu yín dé ọrùn ẹsẹ̀, ó yẹ kí n ti ronú síbẹ̀. Ibo ni ìyàwó rẹ máa ń jókòó?

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní iwájú ń fò jù.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Ibo ni họ́ọ̀sì pọ́ǹpù ti jáde?

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀, lápá ọ̀tún. Àmọ́ ó ga ju ojú omi lọ dáadáa, sà.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Tí ọkọ̀ bá ṣófo ni. Ẹ̀yin méjì, ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti epo, ẹ̀yìn ni gbogbo yín wà. Lọ fi ọwọ́ mú orí pílásítíìkì tí omi ń gbà jáde yẹn, mì í.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ̀gbọ́n! Orí rẹ̀ já sọ́wọ́ mi! Oòrùn ti jẹ ẹ́, ọrùn rẹ̀ ti là yíká.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:
Abájọ tí pọ́ǹpù ń sáré tí omi ò dín kù. Apá kan omi tó ń lé jáde ń gba ibi tó là yẹn padà sínú, odò náà ń bá a wọlé nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá rì. Ra onírin aláìdípatà, gọ́ọ̀mù kan náà, kílíìpù méjì lórí họ́ọ̀sì. Kí họ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ gòkè lọ sábẹ́ etí ọkọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ jáde, kí omi má baà lè fà á padà wọlé.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Wákàtí mẹ́rin lórí omi lónìí, ẹ̀yìn la jókòó sí. Sọ́ńjì kan péré ló gbẹ gbogbo omi inú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà:
Ibo ni omi sọ́ńjì kan yẹn ti wá?

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Bàtà ìyàwó mi ni, sà.