Ọkàn kì í fa ẹ̀jẹ̀, ó ń fún un ni

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ní "ìfàjẹ̀" lédè wa, mo túúbá kí n tó sọ̀rọ̀ o, ẹ jù mí lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí rárá. Fà kẹ̀? Omi kànga là ń fà. Ìfàjẹ̀sínilára sì ti wà nílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù, ẹ wá fẹ́ da gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Màmá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, tí wọ́n bá ń fọ ewúro, wọ́n á fún un, wọ́n á tú ọwọ́, omi á tún wọnú ewé, wọ́n á tún fún un. Ohun tí ọkàn ń ṣe nìyẹn. Yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì inú ọkàn jọ ń fún lẹ́ẹ̀kan náà ni, tọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tòsì ń tì í lọ sí gbogbo ara, ìdí tí ògiri tòsì fi nípọn jù nìyẹn. Bíi mílílítà 70 ni tòsì ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, tó bá sì fún bíi 70 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti ń lọ sí lítà 5 nìyẹn, píọ̀ wọ́tà 10!

Àwọn Òyìnbó àtijọ́ náà rò pé ìgbà tí ọkàn bá wú ló ń ṣiṣẹ́, pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé, àfìgbà tí William Harvey, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀wé ẹ̀ jáde ní 1628 pé rárá o, ìgbà tó bá sún kì niṣẹ́ wà.

Ìfúnjẹ̀ ni tèmi. Ẹni tó ní "fún" àti "ẹ̀jẹ̀" ò lè di "fúnjẹ̀", ìfúnpá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe fún apá ni? Àbúrò tó kà á sí "fún jẹ", bíi ẹni ń pín oúnjẹ, ẹ bá mi sọ fún un kó máa fàmì sọ́rọ̀.

"Ìlù ọkàn" tẹ́nìkan tún mú wá ńkọ́, kì kì tá à ń gbọ́ yẹn, àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn tó ń pa dé ni, kì í ṣe fífún. Ti àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn àárín yàrá òkè àti tìsàlẹ̀; ìkejì, ti ẹnu iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde.

Dókítà àárín wa ní tí ọkàn bá tú, ó máa ń fà díẹ̀. Mo gbà. Ewúro màmá mi náà ń fa omi díẹ̀ tí wọ́n bá tú ọwọ́, ta ló wá ń pè é ní fífa ewúro?