"Àwòrán abẹ̀mí" kọ́ o: lórí orúkọ fídíò tí a fi fọ́tò tò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ fídíò níbí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Ìkẹ́nnẹ́ dá a lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká máa pe fídíò tí wọ́n fi fọ́tò lásán tò, tí àwọn fọ́tò náà ń sún, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń tóbi bọ̀ wá bá èèyàn, ní "àwòrán abẹ̀mí". Àlàyé wọn ni pé nínú èdè Látìn tí àwọn Òyìnbó ti fa ọ̀rọ̀ animation (mímú àwòrán rìn) yọ, èémí àti ẹ̀mí ló wà nídìí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìsìnkú ló sì ń gbé e wá bá mi jù. Ọmọ olóòkú á kó àpò fọ́tò dé: ìyá nígbà tó wà lọ́mọge, ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ kan náà ní Òjúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí n dán orúkọ ẹ̀gbọ́n wò. Mo sọ fún oníbàárà kan pé àwòrán abẹ̀mí màmá wọn ti ṣe tán. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fídíò ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe."

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á fi ìbejì dá mi lóhùn. Àwọn ayàfọ́tò ilẹ̀ wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, á wá dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀yìn mi ni èyí wà. Kò sẹ́ni tó sọ pé fọ́tò yẹn ń mí. Àwọn kan tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá tilẹ̀ ní "wò" àti "rántí" ló wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ìrántí ni oníbàárà mi wá rà, kò wá jí ìyá rẹ̀ dìde.

"Mọ́ńtáàjì" ńkọ́? Àwọn Faransé ló ni ín, títò nǹkan pọ̀ ló sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbí: ìbẹ̀rẹ̀ ètò, níbi tí orúkọ ètò ti ń jáde pẹ̀lú orin, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ́kọ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Èyí tí èmi kọ́kọ́ rò ni "àtòrìn", ohun tí a tò kó lè rìn. Àbúrò wa kan ní Ṣàgámù kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bọ̀dá, ta lẹ fẹ́ nà?" Àtòrì ló gbọ́! Ẹ̀rín pa mí, mo sì jáwọ́. Mo wá fi ojú "amóhùnmáwòrán" wò ó, mo rí i pé "mú" ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. "Àtòmúrìn" ni mo ń dá lábàá báyìí: a tò ó, a mú un rìn. Ìrìn nìkan ló sọ, kò sọ ẹ̀mí.

Ibi tí iyàn wà gan-an ni keyframe, ìyẹn férémù (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) tí a fi ń sàmì ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Ẹnìkan kọ "férémù kọ́kọ́rọ́" síbí. Kọ́kọ́rọ́ ilé wo? Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ ya kàtúùn, ọ̀gá ayàwòrán ló ń ya ibi tí ìṣísẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àwọn ọmọṣẹ́ á wá ya ti àárín. Tọ̀gá yẹn ni wọ́n ń pè ní key. Nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú fídíò yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní 1993, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe tàwọn ọmọṣẹ́. Ká ní mo fẹ́ kí fọ́tò kan rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 4, férémù 25 sì ni ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 100 ni gbogbo rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan ni màá fi sípò, kọ̀ǹpútà á ṣírò 98 yòókù. Ẹ wo ahunṣọ tó fẹ́ ta òwú aṣọ òkè: ó kan èèkàn síhìn-ín, ó kan òmíràn sọ́hùn-ún, òwú ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. "Èèkàn" ni mo fọwọ́ sí. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé, "Kan èèkàn sí ìṣẹ́jú àáyá kejì", kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé kí lèyí.

Bàbá wa kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ewúrẹ́ là ń so mọ́ èèkàn, pé ohun tí a so kì í rìn. Ọ̀rọ̀ bàbá dùn mọ́ mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí mo bá kan èèkàn ẹyọ kan ṣoṣo, fọ́tò náà kò ní kúrò lójú kan, àfi bí ewúrẹ́ bàbá. Ó di méjì kó tó rìn.

Ti kí ìrìn má bẹ̀rẹ̀ lójijì, kó má sì dúró gbì, wọ́n ní ká pè é ní "ìrọra". Bí àmì ìsàlẹ̀ bá jábọ́ lórí fóònù, ìrora ló kù. Kí ló dé tá a fi gbọ́dọ̀ sọ gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀-orúkọ ná? "Jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́" ti tó. Bákan náà ni ti gígé èèyàn kúrò lára ẹ̀yìn fọ́tò, ká fi í sí ìpele tirẹ̀, ká wá mú kó yára ju ẹ̀yìn náà lọ. Ẹni tó bá ti ojú fèrèsé mọ́tò wòta láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde ti rí i: igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sáré, èyí tó wà lókèèrè ń fẹsẹ̀ fàlẹ̀. "Kí iwájú sáré ju ẹ̀yìn" ni mo ń wí.

Render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀ di fídíò kan, nìkan ni mi ò tíì rí orúkọ fún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ń bi ara wọn pé "Ṣé ó ti jinná?", mo sì ń rò ó bóyá "sè" ò ní dáa, pàápàá lọ́jọ́ tíná bá lọ nígbà tó ku díẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ di àsètúnsè.

Mo ń retí èsì yín. Fáìlì ìyá oníbàárà ọjọ́ Ajé yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo kọ "atomurin_mama" sí i lára láìsí àmì ohùn kankan, ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣí i sì pè é bó ṣe yẹ.