Ọmọ tó bá wọn ṣe ìwọ́de EndSARS ló fẹ́ di ọlọ́pàá yìí o

Ìyá Alákàrà, Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkàrà ni mò ń dín ní Kubwa níbí. Ọmọ mi ọkùnrin ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ ṣe ọlọ́pàá, ó wá ní kí n bá òun wá onídùúró. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Ní 2020, ọmọ ọdún 17 ni. Ó ń bọ̀ láti ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọlọ́pàá kan dá a dúró, wọ́n rí láptọ́ọ̀pù nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Wọ́n gbá a létí, wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ó fa ₦35,000 jáde fún wọn. Owó ẹ̀wà tí mo ní kó bá mi tọ́jú ni o.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, lọ́jọ́ Sunday kan, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ. Ó padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, aṣọ tutù rinrin mọ́ ọn lára, ojú pọ́n koko. Mo ti gbé ọmọrogùn, mo rò pé igbó ló fà. Tajútajú ni! October 11 ni, ọjọ́ tí wọ́n kéde pé wọ́n ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká gan-an náà ni wọ́n fọ́n omi lé àwọn olùwọ́de lórí l'Ábùjá.

Ọmọ yẹn náà ló fẹ́ wọ aṣọ dúdú yìí. Ṣé kí n wá onídùúró ni, àbí kí n kọ̀ jálẹ̀?

Ìyàwó Báráàkì:
Mama, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ọdún 28 ni ọkọ mi ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó ara rẹ̀ ló fi ń rán yunifọ́ọ̀mù. Lóṣù kẹwàá yẹn, ó ká aṣọ iṣẹ́ àti bàtà sínú àpò gàrí, ó gbé e lérí bí ẹni tó tọjà bọ̀, kó tó lè délé. Àwọn ọmọ mi ò sọ iṣẹ́ bàbá wọn níléèwé mọ́ títí dòní.

Ọmọ Ìlọrin ní Kaduna:
Ọ̀rọ̀ tibí yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pariwo kí SARS lọ, àwọn gómìnà àríwá, tí Lalong ti Plateau ṣe alága wọn, ní iṣẹ́ tí SARS ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn wúlò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò mi gbè wọ́n lẹ́yìn, nítorí ajínigbé ló gba ọ̀nà Abuja sí Kaduna mọ́ wa lọ́wọ́. A sá sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n tún bá wa débẹ̀ ní March 2022. Ẹ̀sùn tí tiwa fi ń kan ọlọ́pàá ni pé tó o bá pè wọ́n lóru, wọ́n á ní mọ́tò ò ní epo. Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ̀yin náà á lẹ́ni tẹ́ ẹ máa pè.

Lọ́yà Lugbe:
Òfin ọlọ́pàá tuntun ti wà kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, September 2020 ni wọ́n buwọ́ lù ú. Ti 2015, ACJA, òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn, sì ti ní ẹ ò gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Ìwé ò burú, ẹni tó máa kà á fún sájẹ́ńtì lójú títì ló wọ́n.

Ìyá Alákàrà, Kubwa:
Ẹ ṣé o. Mo bi í léèrè lánàá. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbá òun létí, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọdé bíi tòun, kàn ń wolẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ó rọra ju ṣájà láptọ́ọ̀pù òun sílẹ̀ fóun. Mo ní ṣé ìyẹn lo fẹ́ dà, ẹni tó ń wolẹ̀? Kò dá mi lóhùn, ó kàn ń bá mi bó ẹ̀wà lọ.

Ìyàwó Báráàkì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá lè jókòó bá a sọ̀rọ̀? Mi ò kì í dín àkàrà lọ́jọ́ Sunday, màá tẹ̀ lé e wá.